Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Tẹ̀ka

Àǹkárá yáàdì mẹ́rin kan wà lórí máṣìnnì mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ti wà níbẹ̀, mi ò sì lè gé e. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Télọ̀ ni mí ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí mo fi ń di àlùmọ́gàjí mú yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra òwú àti síìpù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀kadà tí mo gùn ò tíì kúrò ní àdúgbò Tákíé níbẹ̀ dáadáa tí mọ́tò kan fi kọlù wá. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi balẹ̀. Tíṣà kan ló wa mọ́tò náà, òun náà ló sì gbé mi lọ sí ọsibítù, tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, tíṣà náà àti ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ wá nílé. Kóòtù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wí, kò sì gbẹ̀bẹ̀. Bí Màmá tíṣà ṣe ṣí gèlè lórí nìyẹn, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Obìnrin tó lè bí ìyá tó bí mi! Orí mi wú. Mo ní, "Ẹ dìde, mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ti tán."

Àwọn àti àwa jọ kọ ìwé àdéhùn pé tíṣà yóò máa sanwó ìtọ́jú mi títí wọn yóò fi tú báńdéèjì, àti pé lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ta ló béèrè lọ́wọ́ dókítà? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú báńdéèjì, ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ̀ka. Ṣé kò yẹ kí ìyẹn nìkan ti là mí lójú?

Tíṣà náà ò yẹ àdéhùn, ó sanwó pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìka mi ò lè ká mọ́. Dókítà ní iṣan kan ti já, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́yà lè bá wa fagi lé ìwé náà. Inú ń bí mi, sí ara mi ni o, kì í ṣe sí Màmá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù, tí yóò máa ṣàdúrà fún mi. Kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Òun ló fi àǹkárá yìí ránṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó rán bùbá tí n ó fi kírun Iléyà."

Bí mo bá gbé e fún télọ̀ mìíràn, mo purọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti dá ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ka sí sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, kí ni kí n ṣe? Bí ẹnikẹ́ni bá kúnlẹ̀ fún yín, ẹ gbé e dìde, ẹ dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìwé kankan títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Màmá tún pè lánàá. Ó ní ṣé mo ti gé aṣọ òun. Mo ní, "Ó wà lórí máṣìnnì, mà."