Òwú Oṣù Kẹta Tí Dobri Lọ Rà ní Ṣáínà

Mú ọwọ́ ẹ kúrò lọ́rùn ọwọ́ mi, Dobri! Mo ní mú un kúrò! Kí lo fẹ́ so mọ́ mi lọ́wọ́ yẹn? Martenitsa? Èyí? Òwú pupa àti funfun tí ìyá wa máa ń so fún wa lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, kí ara wa lè le títí ẹyẹ àkọ̀ á fi padà dé, òun lo fi ìdọ̀tí yìí pè? Ojú ò tì ọ́, àbúrò mi!

Wo Pizho, ọmọláńgidi òwú funfun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn yìí. Ṣebí ọkùnrin ni Pizho, àbí mo purọ́? Penda, ọmọláńgidi pupa yìí, sì ni ìyàwó ẹ̀. Ta ló wá wọ yẹ̀rì fún Pizho? Ìyàwó méjì lẹ so pọ̀ yẹn, kò sí ọkọ níbẹ̀! Èmi ò bá ẹni tó ṣe é ní Ṣáínà wí o, kò mọ̀ wá rí. Ìwọ tí wọ́n bí sí Troyan níbí ńkọ́?

O ní ayé ti lu jára, a ò lè bá wọn du ọjà. Ṣìọ̀! Ìgbà wo lo du ú? Nígbà tí ìjọba kọ́múníìsì wó, àwa obìnrin la fa ilé òwú tá a ti ń ṣe martenitsa lé ọ lọ́wọ́, torí o kàwé, o sì lẹ́nu. Ṣé o ra ẹ̀rọ tuntun? Ṣé o dé Sófíà, olú-ìlú wa, lọ wá oníbàárà? Mọ́tò lo rà! Ẹni tí ò tíì jà, tó ti ń ké pé wọ́n lu òun! Ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń rà lọ́dọọdún, ìwọ lo ní kò tà.

O wá ti ẹ̀rọ pa. Stanka tó ti ń ran òwú kó tó lọ́kọ, ọ̀rá lo ní kó máa já, kó máa fi píìnì gún ẹrù Ṣáínà mọ́ páálí tẹ́ ẹ kọ “Iṣẹ́ Ọwọ́ Obìnrin Troyan” sí. Obìnrin wo? Ọwọ́ mi dà níbẹ̀? Ó dùn mí wọ eegun, Dobri. Orúkọ wa lo jí tà!

Má sọ fún mi pé kí n rọra. Kí lo ń fi apá yẹn pamọ́ sí? Mú un wá. Háà! Ha-ha-ha! Ẹ gbà mí o! Yìnyín bíńtín bà á, aró pupa ti ṣàn wọ ẹ̀wù funfun, ẹni tó bá rí ọ á ní adìẹ lo pa! Dúró ná, kókó yìí, ìwọ fúnra ẹ lo ta á? O so ó mọ́ ara ẹ? Ta ló ń so martenitsa mọ́ ara ẹ̀ nílùú yìí? Kò sẹ́ni tó bá ọ so ó, àbí?

Ó dáa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbé kọ́kọ́rọ́ ilé òwú fún Stanka. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fi ibojì ìyá wa búra, kò sí ọwọ́ obìnrin kan ní Troyan tó máa so òwú mọ́ ọ lọ́wọ́ mọ́ láyé. Ó yá, tú ìyẹn dànù kó o tó jókòó sórí àga mi.