Aṣọ Méjìlá Silifatou

Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Ìyá Taïrou, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀ mí! Ẹ mu omi yẹn ná, kí ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ inú mi jáde, nítorí bí mi ò bá tú u jáde lónìí, yóò pa mí. Mo mọ̀ pé ọkọ mi, bàbá Silifatou, ló rán yín. Òun tí kò lè wo ojú mi kó sọ ọ́, ó gba ilé yín lọ ní Treichville, ó ní kí ẹ wá bá mi sọ ọ́ pé kí n jẹ́ kí ọmọ mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Huguette ní Riviera. Sọ́dọ̀ Huguette! Ọmọ tí mo bí! Ọmọ quinze ans, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Nítorí kí ni? Nítorí pé ilé Huguette sún mọ́ lycée, ilé ìwé tó ń lọ, nítorí pé ó ní tábìlì, nítorí pé iná mànàmáná rẹ̀ kì í kú. Wallahi, mi ò gbà.

Hẹn? Owú ni? Bẹ́ẹ̀ ni, owú ni! Ṣé kí n máa purọ́ fún yín ni? Mo ń jowú, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ṣe pé ìyàwó ni ọkọ mi gbé wá, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni, tí kò jí i gbé, tí kò bú ẹni, tó tún ń kí ẹni ní "bonjour, Maman Silifa" tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí ni wọ́n ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló fà á! Ẹ rántí ilé ẹ̀kọ́ tí Daouda ọmọ mi lọ: olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, ó parí. Tiwọn ti ìhà Cocody yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Projet ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí ọmọ wá ìbéèrè kan tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ̀, kó wádìí rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó wá sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé. Wọ́n pe àwa òbí. Mo lọ! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò lọ. Mo pa ọjà mi tì ní Adjamé Roxy lọ́jọ́ náà, mo jókòó láàrin àwọn madame olóòórùn dídùn, Monsieur Ignace olùkọ́ wọn ń sọ̀rọ̀, Daouda ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Olùkọ́ ní kò pọn dandan kí òbí mọ̀wé. Ó ní kí á ṣáà máa bi ọmọ pé kí lo ṣe lónìí, kí lo rí, kí ló kù. Ó ní kí á má bá wọn ṣe é, pé bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí á jẹ́ kó bàjẹ́. Mo mi orí pé mo gbà. Gbogbo wa la mi orí.

Kí ni ọmọ mi wá mú? Aró! Iṣẹ́ mi! Orí mi wú, ẹ̀gbọ́n. Ó wá bá mi létí ìkòkò ní Boribana níbí, cahier, ìwé tó fi ń kọ nǹkan sílẹ̀, lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí aró fi mú aṣọ yìí, tí kò mú ìyẹn?" Mo ní ta lò ń bi? Mo ní ṣé o fẹ́ bá mi ba ìkòkò jẹ́ ni? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn? Ọdún méje ni ìyá wa fi kọ́ èmi àti ẹ̀yin, ǹjẹ́ a bi í ní kí ló dé? Ẹ̀yin bi í lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí, ọmọrogùn ló fi dá yín lóhùn! Ọwọ́ rẹ̀ là ń wò. Mo ní kí òun náà máa wo ọwọ́ mi. Ọmọ pa cahier dé, ó lọ.

Ibo ló lọ? Ọ̀dọ̀ Huguette! Huguette ọmọ Àjàṣẹ́, Dahomey tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ sí Bénin yìí, tí a jọ gbé àgbàlá kan náà kí ọkọ rẹ̀ tó rílé sí Riviera, òun tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ní Plateau, tí kò ti ìka bọ aró rí láyé rẹ̀! Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ mi: "Èmi ò mọ̀ ọ́n, jẹ́ ká jọ wò ó." Ó fún un ní igun tábìlì. Bí ọmọ bá ti jáde ní lycée, ibẹ̀ ló ń yà, Huguette á sì máa bi í: Kí lo ṣe lónìí, kí lo rí, kí ló kù. Bí ọmọ bá délé tán, Tantie Huguette ní, Tantie Huguette sọ pé. Àní ọbẹ̀ mi, ó ní Tantie Huguette kì í fi ata tó báyìí sí i!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tó dùn mí.

Ọmọ rẹ aṣọ méjìlá nínú ìkòkò kékeré lẹ́yìn ilé Huguette, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìnujú lọ. Òmíràn ò pẹ́ nínú aró, òmíràn wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, ó fi eérú díẹ̀ sí ti èyí, ó fi púpọ̀ sí ti ọ̀hún. Nígbà tí exposition, ìyẹn ọjọ́ tí wọn yóò pàtẹ iṣẹ́ wọn, ku ọ̀la, ó ní kí n bá òun gbé ìdì aṣọ náà bọ̀, pé òun yóò ṣáájú lọ to tábìlì. Mo tú ìdì náà. Yéè! Òmíràn rí bí omi ọ̀sà, òmíràn ní àbàwọ́n bí ara ọmọńlé, òmíràn ò tilẹ̀ mú rárá. Ẹ̀gbọ́n, aláró lẹ̀yin náà. Aṣọ tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, ǹjẹ́ à ń jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá rí i? Ṣé a kì í dá a padà sínú ìkòkò ni? Kí ọmọ Alimatou aláró wá tẹ́ irú èyí sójú àwọn madame! Ni mo bá rì wọ́n bọ aró. Méjèèjìlá. Ìkòkò mi tó le jù, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sá wọn, mo lù wọ́n títí wọ́n fi dúdú mìnìjọ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, Ọlọ́run ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi tú ìdì náà níwájú gbogbo wọn. Méjìlá, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì! Ó wò mí. Kò sunkún o, ìbá sàn kó sunkún. Ó kàn ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó máa rí ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Monsieur Ignace ní, "Silifatou, èyí tí kò mú dà?" Àṣé àwọn tó bàjẹ́ gan-an ni iṣẹ́ náà! Àṣé òun ni wọ́n wá wò! Huguette ló dìde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ní kí ọmọ máa gé etí aṣọ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ cahier. Ó ṣí i, ó gbé e fún un. Ara ọmọ mi balẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka, ó ń sọ Faransé bí ẹni ń da omi, wọ́n pàtẹ́wọ́, ló bá sá lọ rọ̀ mọ́ Huguette lọ́rùn. Lójú mi! Èmi dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, ṣé Huguette ò gbọ́ òwe yẹn rí ni? Ọkùnrin méjì ló bí, kó lọ so ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ mọ́ wọn nídìí!

Ẹ ní kí ni? Pé ọmọ ti dárí jì mí? Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ohunkóhun mọ́.

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ọjọ́ tó bi mí létí ìkòkò tí mo jágbe mọ́ ọn, mi ò mọ̀ ọ́n ni. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rẹ aṣọ, bí mo bá tọ́ aró wò lẹ́nu, mo mọ̀ bóyá yóò mú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń mú? Mi ò mọ̀. Ìyá wa náà ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n, ìdí ọmọrogùn nìyẹn! Ta ni ì bá ti sọ fún mi pé ènìyàn lè sọ "mi ò mọ̀" fún ọmọdé, kí ọmọdé sì tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i?

Ó tó. Ẹ padà lọ bá ẹni tó rán yín, ẹ ní mo ní ọmọ mi kò ní lọ. Ẹ ní mo ti ní kí Gilbert káfíńtà wá kan tábìlì, síbi tí mo ń ká aṣọ sí. Mo ti ya ìkòkò kan sọ́tọ̀, kó bà á jẹ́ bó ṣe wù ú, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà, bó bá ti lycée dé, kó gbé cahier rẹ̀ wá, kó wá bi mí. Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n rárá, ṣùgbọ́n kó wá bi mí!