Ohun Funfun Tó Lẹ̀ Mọ́ Ògiri Mi

Nígbà tí ojú mi ṣì ń ríran kedere, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé bàbá yín àgbà wá sí Kaduna láti Ọ̀fà… ogun àwọn òyìnbó ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Yàrá kan la háyà. Ìyá Ràfíù, ará Ìlọrin, ló wà ní yàrá kejì. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a sì máa tẹjú mọ́ èèyàn.

Ẹ gbọ́. Ara àkọ́bí mi gbóná. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo sún àpótí kí n mú aṣọ, ni mo bá rí i lára ògiri: nǹkan funfun, pẹlẹbẹ, róbótó, bíi bébà. Mo gbójú sókè… òmíràn rèé ní kọ̀rọ̀ àjà, ó rí bí òwú. Kí lẹ rò pé mo rò? Mo ní wọ́n ti sa sí ọmọ mi!

Mo pọn ọmọ, mo gbé ẹrù, ó di téṣàn rélùwéè, kí n padà sí Ọ̀fà. Ìyá Ràfíù dí ẹnu ọ̀nà.

“Ìyàwó, níbo lò ń gbé ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná lọ nínú oòrùn yìí?”

“Ẹ yà fún mi! Ẹ̀yin lẹ fi nǹkan sára ògiri mi!”

“Haba! Èwo ni?”

Ó wọlé. Ó fa ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, ó fi tú èyí tó dà bíi bébà. Ẹyin wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó tú èyí tó rí bí òwú… ọmọ aláǹtakùn tú jáde, wọ́n ń sá kiri lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kígbe.

“Aláǹtakùn ló yé e. Pẹlẹbẹ yìí, ti aláǹtakùn ara ògiri ni. Èyí bí òwú, ti èyí tó ń ta okùn sí àjà ni. Kò sẹ́ni tó sa sí ọ. Ibà ló ń ṣe ọmọ. Gbé e wá, ká lọ sọ́sibítù.”

Òun ló pọ̀n ọ́n, mo ń tẹ̀ lé e. Títí a fi débẹ̀ ni mo ń bi í: ṣé ó máa yè? “Máa rìn,” ló ń wí. “Máa rìn.”

Ọmọ náà ni bàbá yín.

Lóde òní ńkọ́? Ẹ̀yin á ti fọ́n oògùn apakòkòrò sí i kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ rí. Ní Barnawa tí ẹ̀ ń gbé yẹn, ta ló wà lẹ́yìn ògiri yín? Kí lorúkọ rẹ̀? …Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Hùn. Ẹ dìde, ẹ lọ kí i.