Orúkọ Tí Mi Ò Lè Pè ní Ìgàndó

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo! Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lójú títì gbọ́ wa! Halelúyà! Rárá o, ìyẹn kéré. Ẹni tí wọ́n ti ń wá taya tí wọ́n máa fi sun ún ló dúró níwájú yín yìí, tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ tún un pa! Halelúyà! Ẹ̀hẹn. Ìyẹn dé òkè.

Ẹ fara balẹ̀ fún mi o. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í sáré sọ̀rọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Dáre ni àkọ́bí mi. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Fúnkẹ́, bí ọmọkùnrin, àwọn ẹbí ọkọ mi ní orúkọ bàbá ọkọ mi tó ti lọ sinmi ni ọmọ náà máa jẹ́. Inú mi dùn, mo jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyàwó ilé tó jókòó síbí, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ bàbá yẹn kò kọjá ètè mi rí. Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ṣé torí pé bàbá padà wá ní ìkókó, tí mo ń nu imú fún un, ni kí n wá máa pe orúkọ mọ́ ọn lórí? Ó tì o! "Bàbá-ọkọ-mi" ni mo ń pè é láti ọjọ́ ìkómọ. Nígbà tí ẹnu òun náà là, kò pè mí ní màmá àgbà. "Ìyàwó mi" ló ń pè mí. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á wo inú abọ́, á ní, "Ìyàwó mi, ẹran dà?" A ó rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú wa. A ò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn máa di ẹjọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbi tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ni Dáre pè mí.

"Màmá, Fúnkẹ́ ti ń rọbí, ọmọ náà sì dábùú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ mú ọmọ nílé ìwé ní Ìgàndó. Mo ti bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ká pa fóònù."

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbéra. Tíṣà fa Bàbá-ọkọ-mi lé mi lọ́wọ́, ó ti géètì ilé ìwé pa, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí dé ibí, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta áìsìkirímù kọjá, orin rẹ̀ ń dún tìn-ín-rín-tìn. Ọmọ ń wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ní mi ò rà. Ha! Bàbá-ọkọ-mi da ara sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbá eruku. "Ẹ fi mí sílẹ̀! Mi ò lọ! Mọ́mì mi dà?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń fà á dìde.

Ẹ rántí o, nígbà yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí fóònù kì í gbé ìròyìn ajọ́mọgbé wá. Wọ́n á ní wọ́n jí ọmọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n á ní wọ́n rí ọmọ nínú àpò ní Ìkọ̀tún. Òótọ́ ńbẹ níbẹ̀, irọ́ ńbẹ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń jọ rìn. Ọkàn àwọn ènìyàn ti gbóná sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòrùn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ.

"Ọmọ dáadáa, ṣé mọ́mì ẹ nìyí?"

"Rárá."

Òótọ́ ló sọ! Èmi kọ́ ni ìyá rẹ̀!

"Ta ni wọ́n jẹ́ sí ẹ?"

Bàbá-ọkọ-mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ní, "Ìyàwó mi ni."

Yéè! Ẹ ò bá wà níbẹ̀ kí ẹ rí ojú àwọn ènìyàn!

"Ìyàwó kẹ̀? Wọ́n ti yí ọmọ yìí lórí!"

Wọ́n bi í lórúkọ. Ó dá wọn lóhùn ketekete, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé. Orúkọ yẹn gan-an ni. Ọmọbìnrin náà wá kọjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń pè é?"

Mo ní, "Bàbá-ọkọ-mi."

Mẹkáníìkì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú. "Ọmọ tí ò tíì mọ sòkòtò wọ̀ ni bàbá ọkọ yín? Ọkọ yín gan-an wá ńkọ́, ṣé wọn ò tíì bí i ni?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká padà sílé ìwé. Wọ́n ní mo fẹ́ sá ni.

"Màmá," ọmọbìnrin yẹn tún ní, "orúkọ tí ọmọ sọ yìí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ sáà pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa lọ."

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ pè é! Ahọ́n mi wúwo bí ọlọ. Ojú bàbá ni mo ń rí, bí wọ́n ṣe jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó. Mo ní, "Mi ò lè pè é."

"Ẹ gbọ́! Kò lè pè é!"

"Tó bá pè é, oògùn náà á bàjẹ́ ni!"

Ó parí. Wọ́n ṣí gèlè lórí mi. Wọ́n gba fóònù mi. Ìfọ́tí bà mí láti ibi tí mi ò mọ̀. Mo rí iná fóònù ọmọbìnrin yẹn tó kọ yẹ̀rì: ó ti ya mí ní fọ́tò. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo pé, "Taya dà?" Mo di ọmọ mọ́ra, mo ní, "Jésù!" Mi ò ní àdúrà mìíràn.

Ògo ni fún Ọlọ́run tí kì í pẹ́ dé! Obìnrin ọlọ́pàá kan, sájẹ́ǹtì, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó la èrò kọjá, ó dúró síwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ni ẹ máa kọ́kọ́ sun."

Ó gbé wa sínú kẹ̀kẹ́, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo rò pé wàhálà ti tán. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ àlàyé mi, kò bú mi, ó pe nọ́ńbà Dáre tí mo kà fún un. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ti Fúnkẹ́ náà ti kú. Nọ́ńbà méjì yẹn nìkan ni mo mọ̀ sórí. Wọ́n rán ènìyàn lọ sílé ìwé, àgádágodo ló bá níbẹ̀. Ọ̀gá wá yí fóònù rẹ̀ sí mi.

"Màmá, ẹ wò ó. Fọ́tò yín ti wà lórí ayélujára. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ ti tẹ ajọ́mọgbé ní Ìgàndó, kí gbogbo ènìyàn pín in. Àwọn ọ̀gá mi ti ń pè láti òkè. Bí bàbá ọmọ ò bá dé, mi ò lè fi yín sílẹ̀."

Mo wo fọ́tò náà. Èmi ni, orí mi wà lásán, ẹnu mi là sílẹ̀, ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ mi. Bí mi ò bá jẹ́ èmi, èmi náà á gbà pé olè ni! Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí mi ò rí rí, tí mi ò jẹ ẹ̀bà wọn rí, wọ́n ń kọ ọ́ pé, "Ẹ sun ún." "Ẹ wo ojú rẹ̀, ojú àjẹ́." Ẹnì kan sọ pé àdúgbò wa ni òun ń gbé, òun ti ń fura sí mi tipẹ́. Irọ́ gbuu!

Àwọn ènìyàn kóra jọ sẹ́nu géètì. Fọ́tò yẹn ló ń pè wọ́n wá. "Ẹ mú un jáde fún wa!" Òkúta já sórí páànù, gbàù! Bàbá-ọkọ-mi gbé orí lé itan mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé torí pé mo sunkún ni wọ́n ṣe ń bínú sí wa?" Sájẹ́ǹtì yára kọjú sí ògiri. Mo sọ lọ́kàn mi pé, "Olúwa, orúkọ tí mi ò lè pè ló kó mi dé ibí. Ìwọ ni mo lè pè. Dáhùn!"

Ó dáhùn! Ẹ gbọ́ bó ṣe dáhùn!

Fúnkẹ́ ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Bísọ́lá, yunifásítì ló wà ní Ìbàdàn. Òun ló sọ apá yìí fún mi. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, àwọn olórin méjì kan ń bú ara wọn lórí ayélujára, gbogbo ọ̀dọ́ Nàìjíríà ló ń bá wọn dá sí i. Òun náà wà níbẹ̀, ó ń ka èébú, ó ń rẹ́rìn-ín. Láàárín èébú kan sí òmíràn ni fọ́tò mi yọ sí i. Ó ní òun ké, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbélé sá jáde.

Ó kọ ọ́ pé irọ́ ni. Wọ́n ní ìpín tirẹ̀ nínú owó ọmọ ló ń gbèjà. Ó pe Dáre, kò wọlé. Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti rán an létí: ní ọjọ́ ìkómọ, ọwọ́ ta ni fóònù wà tó ń ya fídíò? Ọwọ́ rẹ̀! Ó wá a, ó rí i, ó gbé e sórí ayélujára, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ìyá yìí ṣe ń pe ọmọ náà, kí ẹ tó sun ún." Ó bẹ aláwàdà kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń tẹ̀ lé. Ìyẹn pín in. Àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jà fún ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ gbé e, wọ́n ní kí wọ́n má fi ìyá aláìṣẹ̀ ṣeré. Ẹ̀yin ará, àwọn tó ń bá olórin jà fi olórin sílẹ̀!

Èmi ò mọ ohunkóhun o. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, ariwo ń lọ níta. Mo kàn gbọ́ ohùn kan. Mo ní, "Ohùn ta nìyẹn?" Ohùn mi ni! Ohùn èmi gan-an ń ti ẹ̀yìn géètì wá, mo ń kọrin!

"Bàbá ọkọ mi, ẹ kú ìrìn o,
Ẹ lọ tẹ̀yin tọ̀pá, ẹ padà lórí ẹní.
Ẹsẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ fún l'Ógbómọ̀ṣọ́
Ni mo ń fọ̀ nínú báfù yìí o.
Ẹ̀yin ẹbí, ẹ pè wọ́n lórúkọ bó ti wù yín,
Èmi ìyàwó, mi ò dán an wò!"

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín àwọn àlejò ìkómọ, tí wọ́n ń ní, "Ìyàwó àtàtà!" Bí ti fóònù kan ṣe ń parí ni ti òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Orin mi gba ẹnu géètì kan. Àwọn tó ń pè mí ní olè dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí òjò ń dá.

Mo gbọ́ ohùn bàbá àgbàlagbà kan. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní ìyá nílé ni? Ìyàwó ilé gidi lẹ fẹ́ sun yẹn."

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi náà nìyẹn! Wọn ò pe àbúrò bàbá mi lórúkọ títí wọ́n fi kú!"

"Ẹ fi màmá sílẹ̀!" Ẹnu tó ní kí wọ́n mú mi jáde náà ni o! "Ẹ fi màmá sílẹ̀!" Mo ní, Olúwa, ta ló dà bí Ìwọ?

Ọ̀gá ọlọ́pàá wọlé, ó yọ dígí ojú rẹ̀. "Màmá, ìyàwó mi kì í pe àbúrò mi lórúkọ. 'Ìbàdí-àrán' ló ń pè é. Ilé mi ni nǹkan yìí wà, kò sì wá sí mi lọ́kàn."

Ibẹ̀ ni Dáre já wọlé, ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lódìlódì. Ó ní bí òun ṣe tan fóònù báyìí, ìròyìn mi ń rọ́ wọlé, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun bí adìyẹ tí òjò pa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Fúnkẹ́ ti bí! Obìnrin ni! Dókítà ní ìyá àti ọmọ wà láàyè!"

Mo fò sókè! Sájẹ́ǹtì pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ fún eléyìí ní orúkọ tí màmá lè pè!" Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. A sì fún un. Ayọ̀mídé ni. Mo ń pè é tàárọ̀ tọ̀sán. Ayọ̀mídé! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu mi?

Nígbà tí a jáde, ọmọbìnrin oníkáàdì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, gèlè mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ká a dáadáa. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé mò ń gba ọmọ là ni."

Mo ní, "Dìde. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí i lóòótọ́ ni, ìwọ lò bá gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, jẹ́ kí ìbéèrè rẹ gùn, má fi fọ́tò sáré." Ó pa fọ́tò yẹn rẹ́, ó gbé orin mi síbẹ̀. Ó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn. Má fojú pamọ́ jàre, dìde kí wọ́n kí ẹ!

Ẹ̀yin tí wọ́n ń pa irọ́ mọ́ níbi iṣẹ́, ẹ̀yin tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ yín ò lè dé, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀nà tí irọ́ gbà jáde, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà yẹn kan náà ni òótọ́ máa gbà wọlé tọ̀ yín wá. Ohun rere tí ẹ ti ṣe sílẹ̀, tí ẹ ti gbàgbé, ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀ fún yín. Ẹ má bọ́hùn. Olúwa, ẹ ṣé! Ẹ ṣé fún sájẹ́ǹtì, ẹ ṣé fún Bísọ́lá, ẹ ṣé fún ẹ̀mí Fúnkẹ́ àti Ayọ̀mídé!

Ó ku ẹyọ kan. Pásítọ̀ wa bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí lorúkọ ọmọkùnrin yìí, kí àwọn lè gbàdúrà fún un. Pásítọ̀, ẹ tún fẹ́ kó mi sí wàhálà! Bàbá-ọkọ-mi, ẹ máa bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin ìjọ, gbogbo yín lẹ ti wo fídíò yẹn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu olórí ẹbí wa. Ẹ bá mi pè é! Gbogbo yín! Ẹ pè é kí Ìgàndó gbọ́!

Ẹ rí i? Ó ti dáhùn.

Èmi ìyàwó, mo ti kúnlẹ̀.