Ẹsẹ̀ Tó Fà Sẹ́yìn

Níbi tí mo ti ń dúró de àyẹ̀wò ìlera fún iṣẹ́ tí mo ń wá, ní ọsibítù kan ní Ṣàngó, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó ọ̀dọ́ kan àti ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì í.

"Alhamdulillahi, Màmá! Nọ́ọ̀sì ha àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi, ẹsẹ̀ sì fà sẹ́yìn. Látìgbà tó ti já bọ́ láti orí tírélà, ẹsẹ̀ náà kò mì rí."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n lára?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ayọ̀ mi jẹ́. Mo ní ẹsẹ̀ mì!"

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ti ọmọ tèmi náà mì. Dókítà ní okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn lè dá fa ẹsẹ̀, kí ọpọlọ má mọ̀ rárá. Bí ọ̀nà bá ti já láàárín okùn náà àti ọpọlọ, ẹsẹ̀ ló gbọ́, ẹni tó ni ín kò gbọ́."

Ẹsẹ̀ ló gbọ́, ẹni tó ni ín kò gbọ́. Mo rọra tẹ orúnkún mi, ọkàn mi balẹ̀ pé mo mọ̀ ọ́n lára, ojú sì tì mí pé ó balẹ̀.

"Lọ bi ọkọ rẹ bóyá ó mọ̀ ọ́n lára," ìyá náà wí.

Ìyàwó náà wo ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò dìde.

"Ó ń sùn, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n máa dúpẹ́ títí yóò fi jí."