Abúlé Òyìnbó Ni Mo Ń Lọ

Alága ìdágbére wa, Alhaji Abdulkareem, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà ilé wa, ẹ kú ìjókòó. Ìyá Àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ará Takie, àdúgbò wa, tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa torí tèmi, ẹ kú àdúrótì.

Ọdún kan péré ni mo tíì lò nílé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi mú mi pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀sìn ní ìlú òyìnbó. Inú gbogbo yín dùn. Bùọ̀dá Mashood ṣe bánà tó wà lẹ́yìn mi yìí: "BASIT, LỌ́ŃDỌ̀NÙ Ń DÚRÓ DÈ Ọ́." Ó ń dán gan-an. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbé mi lọ́túnla: ìlú òyìnbó tí mo sọ yẹn, abúlé òyìnbó ni.

Bùọ̀dá Mashood, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì já bánà!

Òkè kan ló ní, odò kan tí Mùjídàt àbúrò mi lè fò kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ibojì yí ká, àti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀sì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tó bá di Sọ́ńdè, kò wá rárá. Èèyàn wọn ò pé irinwó, àgùntàn wọn ò lóǹkà. Ìyá arúgbó tí n ó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé, "Tó o bá dé ìdí igi ńlá, yà sósì. Tó o bá rí odò, o ti kọjá mi." Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń júwe oko Bàbá ní Ìkòyí-Ilé nìyẹn?

Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ní kí n lọ bá yín bọ́ àgùntàn níbẹ̀, tí mo ní ibà ń ṣe mí? Ibà kọ́ o. Abúlé ni mò ń sá fún. Ẹ wá wo ibi tí mo sá lọ!

Ìyá Àgbà, ẹ̀yin lẹ̀rù yín ń bà mí jù. Gbogbo ọjà lẹ ti sọ fún pé Lọ́ńdọ̀nù ni. Tí ẹ bá ní ẹ ò ṣàdúrà fún mi mọ́, mi ò lọ mọ́ nìyẹn.

Ẹ ní kí ni, Mà? Ṣé wọ́n máa ń kíni níbẹ̀? Wọ́n ń kíni, Mà! Ìyá arúgbó tó kọ̀wé sí mi yẹn ní ẹni tí kò bá kí aládùúgbò láàárọ̀, gbogbo abúlé á ti máa bá a bínú kó tó di ọ̀sán.

Ẹ gbọ́ o! Ìyá Àgbà ní, "Bí wọ́n bá ń bínú torí ìkíni, ìlú gidi ni. Ọmọ mi, máa lọ."

Ẹ ṣé, Mà. Bùọ̀dá Mashood, ẹ bá mi fi páálí bo Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Bàbá, láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni n ó bọ́ àwọn àgùntàn yín, ara mi ti yá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run gbé oníkálukú délé láyọ̀. Ojú tí a fi ríra lónìí la ó tún fi ríra lọ́dún tó ń bọ̀. Tí mo bá dé, ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù o. Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni kẹ́ ẹ bi mí. Ẹ ṣé o.