Ta Ni Kí N Dárúkọ?

Nínú takisí tó ń lọ sí Òde-Ayé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín tíṣà kan tó wọ sùtánà àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Ọ̀fẹ́ ni ètò ìkọ̀wé inú kọ̀ǹpútà yìí, sà. Ẹ lè kọ́pì ẹ̀ fún gbogbo kíláàsì yín, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe bó ṣe wù yín."

"Ta ló ṣe é?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ni, sà. Àwọn gan-an ò mọ ara wọn tán."

"Kò yé mi. Ẹni tó bá ṣe mí lóore, mo máa ń dárúkọ ẹ̀ níbi ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni kí n wá dárúkọ báyìí?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi jí i kọ́pì."

Tíṣà kọjú sí ojú ọ̀nà. Ó ní, "Mo mà ti dárúkọ ọ̀rẹ́ yẹn níbi ọpẹ́ o."